Àwọn tó gbẹ́ yàrà Èrédò náà ní ìtàn

Tí ẹ bá dé Òkè-Ẹ̀rí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ibi tí gbogbo àlejò máa ń béèrè ọ̀nà ẹ̀ ni ojú oórì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà Èrédò. Mùsùlùmí ń lọ, Kìrìsìtẹ́nì ń lọ, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lọ, àwọn kan sì gbà pé òun gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà tí Bíbélì àti Kùránì sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ o. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá gbàdúrà níbẹ̀ ló máa ń wọ mọ́tò padà sílé láì dé ibi yàrà, láì sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ kí wọ́n gbójú sókè wo ohun tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́. Orúkọ obìnrin kan la mú dání, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó fi ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn, a ò tiẹ̀ bi ara wa pé ta ni wọ́n.

Èrédò tí mò ń wí yìí, odi àti yàrà ni, ó yí apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po, gígùn ẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ògùn ó sì wọ ìpínlẹ̀ Èkó lọ́nà Ẹ̀pẹ́, kódà ìlú kan wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ Èrédò títí di òní. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ẹ gbé ilé alájà márùn-ún síbẹ̀, òrùlé ẹ̀ ò ní yọ. Tí èèyàn bá wọ inú ẹ̀, atẹ́gùn tútù ló máa kọ́kọ́ bá a, ògiri ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún lósì, ewédò ti bò ó, gbòǹgbò igi ń rọ̀ wálẹ̀, àwọn igi tó wà lókè sì ti pa orí pọ̀ débi pé oòrùn ọ̀sán gangan ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé.

Ayé ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀. P. C. Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ èèyàn, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1959, àmọ́ ọdún 1999 ni ìròyìn ẹ̀ tó tàn kálẹ̀, nígbà tí Patrick Darling láti yunifásítì Bournemouth gbé ohun tó ti wọ̀n síta. Òun ló ṣírò ẹ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 3.5 kúbíìkì mítà, tó fi ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá ti Íjíbítì lọ. Gbogbo èèyàn ló máa ń tún ọ̀rọ̀ pírámíìdì yìí sọ, ó sì yé mi ìdí ẹ̀, inú wa máa ń dùn pé tiwa ju tẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ fi pírámíìdì sílẹ̀ ná ká wo iṣẹ́ ọ̀hún fúnra ẹ̀.

Kò sí kátapílà, kò sí típà. Ọkọ́ ni, irin ìgbẹ́lẹ̀ ni, apẹ̀rẹ̀ ni, orí ni. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á ru iyẹ̀pẹ̀ gòkè, wọ́n á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ inú kó lè di odi, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó wà lọ́hùn-ún yẹn, tí òjò bá rọ̀ sí i ó máa ń dẹ̀, tí oòrùn bá pa á tán ó máa ń le kankan, ìdí nìyẹn tí ògiri yàrà náà ṣì fi dúró ṣánṣán láwọn ibì kan láì sí sìmẹ́ǹtì láì sí búlọ́ọ̀kù. Ẹnì kan ti ní láti lọ síwájú wọn láti ṣán igbó, kí wọ́n tó mọ ibi tí ìlà máa gbà. Ẹnì kan ti ní láti máa ka àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lónìí àtàwọn tí ò wá. Àwọn obìnrin ti ní láti máa gbé oúnjẹ wá, oúnjẹ yẹn sì ti ní láti wá látinú oko ẹnì kan. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó tún ibẹ̀ wò láìpẹ́ yìí, Gérard Chouin àti Ọláńrewájú Lásísì, fi iṣẹ́ náà sí nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà yẹn àgbàdo ò tíì dé ilẹ̀ wa, gbágùúdá ò tíì dé, òdìkejì òkun ni àwọn méjèèjì ti wá nígbà tó yá, á jẹ́ pé iṣu, ẹ̀wà àti epo pupa ló gbé iṣẹ́ yẹn ró. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn ju pírámíìdì lọ. Iṣu mélòó? Èbè mélòó ni wọ́n kọ kí iṣu yẹn tó jáde?

Kí ni wọ́n tiẹ̀ gbẹ́ ẹ fún? Àwọn kan ní ogun, àwọn kan ní ààlà, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ètùtù ni. Lójú tèmi o, ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ò lè jẹ́ ti ogun nìkan, torí ta ló máa ṣọ́ 160 kìlómítà tọ̀sán tòru? Ó jọ mí pé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ pa pọ̀ yẹn gan-an wà lára ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, pé àwọn abúlé tí ò mọra wọn tẹ́lẹ̀ pàdé nínú yàrà kan náà, nígbà tí iṣẹ́ sì parí, gbogbo wọn mọ ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà lóde.

Bàbá àgbẹ̀ kan mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gba inú oko ẹ̀ lọ síbi apá kan yàrà náà. A kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra tẹlẹ̀ o, ilẹ̀ ń yọ̀." Bá a ṣe ń lọ, ó dúró, ó nawọ́ sí àwọn ọ̀pẹ kan tó dúró láàárín igi ńláńlá, wọ́n ga, wọ́n sì ti gbó gan-an. Ó ní, "Ṣé ẹ rí àwọn yẹn? Ẹnikẹ́ni ò gbìn wọ́n, ṣùgbọ́n èèyàn ló jẹ́ kí wọ́n hù." Mo ní, "Bàbá, ẹ là á yé wa." Ó ní ọ̀pẹ ò fẹ́ràn òjìji, pé inú igbó tó ṣú biribiri, èkùrọ́ lè jábọ́ síbẹ̀ títí láé kò ní dàgbà, ó dìgbà tí ẹnì kan bá ṣán ibẹ̀ tí oòrùn wọlé. Torí náà tí ẹ bá rí ọ̀pẹ àgbà nínú igbó, oko ẹnì kan nìyẹn, tàbí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan. Ó tún fi pèrègún hàn wá, mẹ́rin márùn-ún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Pèrègún ò kì í tò fúnra ẹ̀, ó ní ààlà ni, tàbí kó jẹ́ pé ojúbọ kan wà níbẹ̀ rí. Bàbá yìí ò lọ yunifásítì kankan, àmọ́ bó ṣe ń ka igbó yẹn, ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ní ọ́fíìsì lè kà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí bàbá sọ yẹn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí irú ẹ̀ níbòmíì. Igbó Òkómù wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, lápá ìlà oòrùn wa, ọ̀kan lára igbó táwọn èèyàn máa ń pè ní igbó tí ọwọ́ èèyàn ò kàn rí. Wọ́n walẹ̀ nísàlẹ̀ àwọn igi ńlá yẹn, èédú ni wọ́n bá, èédú àti àpáàdì ìkòkò, káàkiri. Lee White àti John Oates kọ ọ́ ní 1999 pé àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì dáko síbẹ̀, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn tí igbó sì wá bò ó. Igi tí à ń wò tí à ń sọ pé Ọlọ́run ló gbìn ín láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, orí ààrò ẹnì kan ló hù sí. Chouin tiẹ̀ ti dábàá pé àjàkálẹ̀ àrùn tó pa èèyàn nípakúpa ní Yúróòpù àti Éṣíà lọ́rùndún kẹrìnlá lè ti dé ọ̀dọ̀ wa níbí, pé ìyẹn lè wà lára ohun tó sọ ọ̀pọ̀ ìlú dahoro lásìkò yẹn. Àbá ni o, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e, ṣùgbọ́n ó mú mi lọ́kàn púpọ̀, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ igbó lè jẹ́ ìròyìn ikú tí ẹnì kankan ò kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sókè, sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ibẹ̀ ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, dé ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́, ọjà ṣì ń ná, odi àti yàrà yí ìlú ká. Kò tó ogún ọdún sí i, ogun ti lé gbogbo èèyàn jáde, Àtìbà sì gbé Ọ̀yọ́ wá sí Àgọ́-Ọ̀jà níbi tó wà lónìí. Wọ́n gbé orúkọ ọjà Àkẹ̀sán dání, wọ́n gbé oyè dání, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè ru odi. Ibẹ̀ ni wọ́n fi odi sílẹ̀ sí fún koríko.

Ibi tí ìlú yẹn wà ti di ara Old Oyo National Park, 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, láti 1991 ló sì ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn tó bá wá síbẹ̀ máa ń fẹ́ rí ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín, ìyẹn náà dáa. Àmọ́ ẹ wolẹ̀. Lórí àwọn àpáta ibẹ̀, ihò wà, àwọn kan fẹ̀ àwọn kan gùn, inú wọn ń dán, ojú ọlọ ni wọ́n. Obìnrin kan kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó lọ nǹkan, ọmọ ẹ̀ wá kúnlẹ̀ síbẹ̀ náà, ọmọ ọmọ ẹ̀ wá kúnlẹ̀, títí àpáta fi jẹ wọlé. Ní Abẹ́òkúta náà, ara Olúmọ, ẹ máa rí irú ẹ̀, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun ní nǹkan bí 1830. Kò sí ọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ ihò ọlọ. Kò sí ẹni tó ro pé òun ń fi ohun ìrántí sílẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń wá, òun ló sì wà lára àpáta dòní nígbà tí ààfin ti wó tán.

Igi osè náà wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ńláńlá, ọ̀pọ̀ ìgbà ibi tí ẹ bá rí i pọ̀ sí, ibẹ̀ lèèyàn gbé. Ewé ẹ̀ ni wọ́n fi ń se lúrú, wọ́n ń jẹ èso ẹ̀, èèpo ẹ̀ ń di okùn, kò sí bí ẹni tó mọ adùn ẹ̀ ṣe máa kó lọ ibòmíì láì mú kóró ẹ̀ dání. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni Ẹdẹ-Ilé. Ẹdẹ-Ilé wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí igbó ti pọ̀, igi osè ò sì kì í ṣe igi igbó, igi ọ̀dàn ni. Síbẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ògúndìran tó walẹ̀ níbẹ̀ sọ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá tẹ ibẹ̀ dó, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń fẹ̀ dé ọ̀nà ọjà tó lọ sí etí òkun, ló gbé e wá. Àwọn tó gbìn ín ti kú, ilé wọn ti wó, ìlú ti kó lọ síbi tí Ẹdẹ wà báyìí, àmọ́ ẹ rí i, igi ṣì dúró tó ń sọ ibi tí wọ́n ti wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè kàwé lọ. Mo kàn ń ronú nípa ẹni tó di kóró osè mọ́ etí aṣọ, tó fi ilé sílẹ̀, tí ò mọ̀ bóyá òun máa padà.

Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn, ààfin àti ojúbọ la máa ń rò. Àmọ́ tí ẹ bá bi àwọn awalẹ̀pìtàn léèrè ibi tí ojú wọn máa kọ́kọ́ lọ, ààtàn ni. Ààtàn gan-an! Ibi tí wọ́n ń dalẹ̀ sí. Eegun ẹran tí wọ́n jẹ, eérú ààrò, ìkòkò tó fọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn ọmọdé tí wọ́n sì gbá mọ́ ilẹ̀ láì mọ̀. Ọba máa ń sọ ohun tó bá wù ú kí wọ́n sọ nípa òun fún àwọn akígbe àti arókin, ṣùgbọ́n ààtàn ò mọ irọ́ pa. Ìdàrọ́ náà wà ńbẹ̀, ìdọ̀tí dúdú wúwo tó máa ń kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin láti ara òkúta, àwọn ọmọdé máa ń fi ṣeré lóko láì mọ ohun tó jẹ́. Níbi tí ìdàrọ́ bá ti pọ̀, ẹ mọ̀ pé iléru wà níbẹ̀, níbi tí iléru bá sì wà, igi púpọ̀ ti lọ síbẹ̀ láti di èédú, gbogbo igbó àyíká ẹ̀ ti yí padà nítorí ọkọ́ àti àdá.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti sọ àpáàdì inú ààtàn di ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ máa ń mú àpáàdì, wọ́n á tò ó lórí etí, kò ní sùn sílẹ̀, á nàró, wọ́n á rọ́ ọ mọ́ra wọn pinpin, ìlà lẹ́yìn ìlà, àwọn mìíràn tò bí egungun ẹja, nígbà mìíràn wọ́n á fi òkúta funfun sáàárín ẹ̀ kó lè hàn. Àgbàlá, ẹnu ọ̀nà, ojúbọ, ojú títì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tẹ́. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ ẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrọ̀fọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ tún bá mi ro ti ọwọ́ tó ṣe é. Ìkòkò mélòó ló ní láti fọ́ kí àgbàlá kan tó kún? Ta ló mọ gbogbo ìkòkò yẹn? Iṣẹ́ ìkòkò mímọ, iṣẹ́ obìnrin ni lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá dé Ìpetumodù, tí ò jìnnà sí Ifẹ̀ rárá, ẹ máa rí àwọn ìyá tó ṣì ń mọ ọ́n títí di òní. Wọ́n rí irú ilẹ̀ alápàáàdì yìí ní ìlú Bìnì, wọ́n rí i dé Tógò, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún mi bí ọgbọ́n ọwọ́ yẹn ṣe rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ju pé èèyàn ló gbé e lọ, láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ohun kan tún wà lára àpáàdì tí mo fẹ́ràn gidigidi. Kí ìkòkò tó gbẹ, wọ́n máa ń yí nǹkan lórí ẹ̀ kó lè ní iṣẹ́ ọnà, okùn ni wọ́n ń lò, igi gbígbẹ́ ni wọ́n ń lò, nígbà tó wá yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ṣùkù àgbàdo lórí ẹ̀. Àmì ṣùkù yẹn ò ṣeé ṣì mú. Tí awalẹ̀pìtàn bá sì rí i lára àpáàdì, ó ti mọ̀ pé ìkòkò yẹn ò lè ṣáájú ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etí òkun wa, torí láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Obìnrin kan jẹ àgbàdo tán, ó wo ṣùkù tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí i lórí amọ̀ tútù, ó rẹwà lójú ẹ̀. Òun ló kọ déètì sílẹ̀ fún wa.

Agége ńkọ́? Níparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgbègbè yẹn ni kòkó ti kọ́kọ́ gbòòrò nílẹ̀ Yorùbá kó tó lọ sókè sí Ìbàdàn àti Oǹdó, lẹ́yìn náà ó di ibi obì. Lónìí ẹ lọ síbẹ̀, ilé ló wà, ṣọ́ọ̀bù, tírélà, búrẹ́dì. Ọ̀pọ̀ ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì olórùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ ẹ ń rí káàkiri àwọn ìlú wa, owó kòkó ló kọ́ ọ.

Èèyàn ò kì í ba ilẹ̀ jẹ́ nìkan, èèyàn tún máa ń dá a sí, dídá sí yẹn náà sì jẹ́ iṣẹ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, héktà 75, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àṣà, kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005, ó ṣú bó ṣe ṣú yẹn nítorí pé ìran lẹ́yìn ìran ń sọ pé a ò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀. Gbogbo igbó tó yí i ká ti lọ. Nígbà tí òfin yẹn fẹ́ rọ̀, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí gbé ère dìde síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti amọ̀, ère yẹn sì di ọlọ́dẹ igbó. Kò sí ẹni tó lè ya èèyàn kúrò lára igbó yẹn kó tún sọ pé igbó ni. Àmọ́ odò ò ṣeé sọgbà yí ká. Lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń wa góòlù ti ń da ẹrọ̀fọ̀ sódò, Ọ̀ṣun sì ń dé Òṣogbo ní pupa, àwọn tó ti ń bu omi yẹn mu láti kékeré ń wò ó wọn ò lè fi ẹnu kàn án. Inú bí mi láti kọ ìyẹn. Ààlà tí wọ́n fi òfin àti èèwọ̀ pa mọ́ ló gba ìbàjẹ́ láti ibi tí èèwọ̀ ò dé.

Kí n wá padà sí Èrédò. Láti 1995 ló ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé, ibi tó sì dúró sí nìyẹn. Lásìkò yẹn títì ti la àárín ẹ̀ kọjá láwọn ibì kan, àwọn kan ń wa ilẹ̀ pupa odi lọ fi kún ilé, àwọn kan ń da ilẹ̀ sínú yàrà torí wọ́n rí i bíi kòtò lásán. Láti Ẹ̀pẹ́ wá sókè, ẹ́síteèti lórí ẹ́síteèti, òpó ààlà àwọn sọ̀fíyọ̀ nínú igbó, ọmọ onílẹ̀, géètì ńlá tí kò sí ilé nínú ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Àwọn tó gbẹ́ Èrédò náà ti ní láti wó oko ẹnì kan kí ìlà wọn tó lè kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìran ṣe máa ń kọ tiẹ̀ lé tàwọn tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọkọ́ máa ń ṣẹ́ ohun tó ṣáájú kù, ọ̀pẹ máa ń kù, ojú ọlọ máa ń kù, àpáàdì máa ń kù sínú ilẹ̀ ní àyè ẹ̀. Kátapílà máa ń gbé gbogbo ẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, á dà á sínú típà, wọ́n á lọ fi dí ọ̀gọ̀dọ̀ kan ní Èkó, ohun tó gba ọgọ́rùn-ún ọdún láti tò ti dà rú mọ́ra wọn, ẹnikẹ́ni ò lè kà á mọ́.

Òfin wà, ti ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa wíwa ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ láì gba àṣẹ. Àmọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rí nǹkan kì í ṣe lọ́yà, lébìrà ni. Ẹ rántí pé ní 1938, ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ifẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ tí ọkọ́ fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀ lónìí. Ní 1957, ní Ìta Yemòó, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kan àwọn ère idẹ ibẹ̀, kí Frank Willett, awalẹ̀pìtàn òyìnbó, tó wá walẹ̀ níbẹ̀, tó sì bá ilẹ̀ alápàáàdì. Ẹni tó gbá ọkọ́ yẹn mọ́lẹ̀, tó dúró, tó pe ọ̀gá ẹ̀ pé kó wá wo nǹkan, tí ò fi ṣe bí ẹni tí ò rí i, a ò mọ orúkọ ẹ̀ bá a ṣe mọ orúkọ òyìnbó tó kọ̀wé nípa ẹ̀.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé ní Ifẹ̀, ní Ìjẹ̀bú, ní Ẹdẹ, ní Òkè-Ògùn, tí àwọn lébìrà yín bá dé ibi tí àpáàdì tò lórí etí lẹ́sẹẹsẹ, tàbí tí wọ́n bá kan ìdàrọ́ tó pọ̀, tàbí ìkòkò odindi nínú ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, torí ibi tó wà gan-an ni ìdajì ìtàn ẹ̀, ohun tó wà lókè ẹ̀ àtohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n fi máa mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnì kan tàbí rúlà hàn nínú fọ́tò kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi, ẹ tan location fóònù yín kẹ́ ẹ tó yà á. Mùsíọ́mù Ifẹ̀ wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ẹ wọlé kẹ́ ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n. Ẹ tún béèrè orúkọ lébìrà tó rí i, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.